A Kì í Bi Àlejò Bóyá Ebi Ń Pa Á

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní Ṣakí, wàá gbọ́ òwe kan lẹ́nu wọn: "A kì í bi àlejò bóyá ebi ń pa á." Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á ní ahun ni wọ́n. Irọ́ ni o! Kí ló wá kan kọ̀ǹpútà kan ebi àlejò? Ọ̀rọ̀ Fadérera ni.

Fadérera ló ṣe ètò tuntun kan tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, tó sì fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, àmọ́ ìbéèrè ètò rẹ̀ pọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Kí ètò náà tó wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ, yóò bi ọ́ ní èyí, yóò bi ọ́ ní tọ̀hún.

"Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló yẹ kó yàn," ohun tí Fadérera máa ń sọ nìyẹn.

Bàbá Ọlátóóyè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá kó lè gba ètò náà. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni orin arẹmọlẹ́kún tí olóògbé ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, kọ wà. Kò sí níbòmíràn, bàbá kì í sì í sùn láìgbọ́ ọ.

Fadérera fi bàbá sídìí ìbéèrè, ó lọ mu omi. Nígbà tó padà, bàbá ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o! Ó ní ṣé kí òun bá mi tọ́jú àwọn nǹkan mi àtijọ́. Mo ní rárá, kó má ṣe ìyọnu. Ó wá ń bèèrè bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá! Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Ó fa ọwọ́ bàbá sẹ́yìn. "Ohun tí ẹ kò bá jẹ́ kó tọ́jú ló máa ń pa rẹ́ kó tó wọlé. Yóò pa orin ìyá rẹ́ pátápátá ni!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu bàbá. "Orin Àwẹ̀ró?" Ó yíjú sí Fadérera. "Bí wọ́n bá bi ọ́ nílé onílé bóyá ebi ń pa ọ́, kí lo máa sọ?"

"Màá ní mo ti yó, sà."

"Kódà bí ìfun rẹ bá ń ké?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ kọ́ mi, sà."

Ojú ti Fadérera. Ó fẹ́ràn bàbá yìí ju ètòkétò lọ. Ó jókòó, ó yọ ìbéèrè wọ̀nyẹn dànù. Orúkọ èèyàn nìkan ni ètò náà ń bèèrè báyìí. Nǹkan àtijọ́, yóò tọ́jú wọn fúnra rẹ̀.

Bàbá tún fi ètò náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó parí, ohùn Àwẹ̀ró gba inú yàrá. Bàbá nu ojú, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ra.

"Ó yé ọ wàyí," ó ní. "A kì í bi àlejò bóyá ebi ń pa á, oúnjẹ là ń gbé síwájú rẹ̀."