Àpótí Ẹnu Ọ̀nà

Ní ilé gàrí Ìyá Àwẹ̀ró, òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo a jókòó sórí àpótí ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá a sì wá gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Sàbítù ò jókòó síbẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó da ẹ̀gẹ́ tó ti bó fún ewúrẹ́, ó kó èèpo sínú omi.

Ọ̀gá rọra mú un jókòó. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ló dé?”

Omijé bọ́. “Ìyá mi ò dá mi mọ̀ mọ́, mà. Àwọn nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ nílé.”

“Máa mú wọn wá síbí.”

Lọ́jọ́ kejì, ìyá arúgbó náà jókòó sórí àpótí, ó wo Sàbítù títí. “Ọmọ ta nìyí?”

Gbogbo obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ dáhùn: “Ọmọ yín ni, Ìyá!”