Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ̀lé Láṣebìkan

"Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e." Gbogbo wa la ń pa á, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ sáré wọnú ẹ̀gún ọ̀hún? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi.

Ní ìlú Ìrápa, Láṣebìkan ló ń sáré jíṣẹ́ ọba láti ìlú dé ìlú. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ní: ẹni tó bá ń jíṣẹ́ ọba kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó darúgbó, ọba ní kó lọ sinmi. Ó sinmi títí orúnkún rẹ̀ fi ń dún bó bá dìde. Lọ́jọ́ tó di ògiri mú kó tó lè dé balùwẹ̀, ojú tì í. Ó ní ara tí a kò bá lò ní í dípẹtà. Irọ́ kọ́ ló pa. Àmọ́ dípò kó fi ìrìn gbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, eré ìgbà ọ̀dọ́ ló kì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Olórí kunkun ni bàbá yẹn.

Kùtùkùtù ni, ìrì ṣì wà lórí koríko. Kò tíì lọ jìnnà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá yára, ẹsẹ̀ náà á yára. Bó bá rọra, á rọra. Kò gbọ́ èémí, kò gbọ́ ikọ́, ẹsẹ̀ nìkan. Ohun tí a fi ọjọ́ ayé ẹni kọ́ kì í tètè kúrò lára, nítorí náà kò bojú wẹ̀yìn. Eré ló fi kún eré. Bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, tí ẹsẹ̀ náà ń sún mọ́ ọn, tí orúnkún rẹ̀ ń wú. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ó fẹ́ tẹ òun ní gìgísẹ̀. Ó yà bàrá kúrò lọ́nà, ó kó sínú ẹ̀gún, ó ṣubú. Àyà rẹ̀ há gádígádí, èémí kọ̀, kò wọlé. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀, tó ń ti odò bọ̀, ló bá a níbẹ̀. Ó bu omi sí i lẹ́nu, ó jókòó tì í títí ó fi mí kanlẹ̀.

"Baba Dúródọlá, àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Kí lẹ ń lé?"

"Mi ò lé nǹkan kan."

"A jẹ́ pé nǹkan ń lé yín nìyẹn."

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Àṣàbí. Mi ò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn."

Àṣàbí ń yọ ẹ̀gún lápá rẹ̀, kò gbójú sókè. "Iṣẹ́ ta lẹ ń jẹ́ lónìí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Láṣebìkan wọ egungun. Ó bojú wẹ̀yìn.

Kò sí ẹnì kankan. Ojú ẹsẹ̀ nìkan ló wà nínú iyanrìn tútù, ti ẹni méjì. Ìṣísẹ̀ ọ̀kan kúrú, ó ń wọ́lẹ̀, tirẹ̀ nìyẹn. Ìṣísẹ̀ èkejì gùn, ó fúyẹ́, ti ọ̀dọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì àwọn méjèèjì kò ní ọmọ ìka kékeré, ìka tí ọkọ́ gé nù lẹ́sẹ̀ Láṣebìkan nígbà tó wà lọ́mọdé. Àṣàbí náà rí i. Ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn lọ sílé.

Nígbà tí wíwú orúnkún rẹ̀ rọlẹ̀, Láṣebìkan padà sójú ọ̀nà, Àṣàbí sì bá a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ na ara níwájú ilé, wọ́n wá ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọn a jókòó. Ẹsẹ̀ náà tún dé. Láṣebìkan kò yára. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní, "Máa lọ, ìwọ ọmọkùnrin. O ṣeun." Atẹ́gùn kan kọjá lára wọn, ojú ẹsẹ̀ sì ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú iyanrìn níwájú wọn, títí ó fi yà níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́. Omi bọ́ lójú bàbá. Ó nu ojú, ó ní kí àwọn máa bá ìrìn àwọn lọ.

Nígbà tí àwọn àgbà bá rí àgbàlagbà nínú ìkánjú tàbí ìdààmú tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu ni wọ́n ń pa òwe yìí, kí ẹni tó rí i má fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó bi í léèrè ohun tó dé. Ní ti Láṣebìkan, ohun tó ń lé àti ohun tó ń lé e, ọ̀kan náà ni. Ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí ó fi kú.