Àdàbà Inú Ilé Ẹyẹlé

Àwọn àgbà ní ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀.

Opó kan wà tó ń jẹ́ Móríyìíké. Ó he ọmọ àdàbà kan nínú òjò, ó sì tọ́ ọ dàgbà láàárín àwọn ẹyẹlé rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Akọ ẹyẹlé a máa ké, a máa jó yí àdàbà ká, àmọ́ àdàbà kì í tilẹ̀ bojú wò ó. Nígbà tó yé ẹyin, ó sàba lé e títí, kò pa ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo àgbàlá bí ojú àlá, akọ àdàbà kan ké lórí igi ìyeyè. Àdàbà inú ilé na ọrùn, ó sì dáhùn.

Móríyìíké sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin pé, “Màmá, bí mo bá ṣílẹ̀kùn, kò ní padà mọ́.”

“Ìyàwó mi, àwọn ẹyẹlé wọ̀nyí ò ṣe é níbi. Èdè wọn ni kò yé e.”

Móríyìíké ṣílẹ̀kùn tomijé-tomijé. Ẹyẹ náà fò wọ inú kùrukùru lọ.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ àdàbà méjì ti ń lanu nínú ìtẹ́ lórí ìyeyè. Móríyìíké jókòó sábẹ́ igi, ó ń gbọ́ ohùn wọn bí ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọmọ-ọmọ.