Bí Ọtí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àwẹ̀ró Ṣe Ń Kan

Ní abúlé Ìdí-Àràbà, ilé Fásọyìn ni í pọn àgàdàgídí, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ìlú máa ń kọ́kọ́ mu lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu. Ọ̀wọ̀ ńlá ni, wọn kì í sì í fi ṣeré. Omi odò ilé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko ilé, ìkòkò ilé àti asẹ́ ilé ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun àlejò kò gbọdọ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ìyàwó Fásọyìn, ni ọtí náà ti ń kan.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn èèyàn gbé e mì tìtìjú-tìtìjú. Lọ́dún kejì, Baba Ọ̀ṣúntókí, olórí ẹbí, tu tirẹ̀ dànù níwájú àlejò.

Ó ní, "Ìyàwó wa, bí ó bá tún kan lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ará Ilé Ọ̀tún ni yóò máa pọntí ọdún dípò ilé yín. A kò lè máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí àwọn baba wa."

Ẹnu wá ń kùn nínú agbo ilé. Àwọn kan ní omi ni, àwọn kan ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kò pọ́n tó. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ìyàwó ni kò dùn.

Láti dán an wò, Àwẹ̀ró pa gbogbo ohun ilé tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yá ìkòkò, ó yá asẹ́, ó pọnmi lódò mìíràn, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko ẹlòmíràn. Ọtí náà dùn bí oyin. Ó sáré bù ú fún Ìyá Fásọyìn, ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ó dùn o, ìyàwó mi," ni ìyá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló mú un dùn? O ṣáà mọ̀ pé ohun ilé la ó fi ṣe tọdún."

Àwẹ̀ró gba igbá padà. Ayọ̀ rẹ̀ wọmi.

Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí odò. Ibẹ̀ ni àbàtà ti gbé Àwẹ̀ró mì dé orúnkún. Ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ méjèèjì yọ pọ̀, ó túbọ̀ ń rì. Ìyá Fásọyìn dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹyẹ ni ọ́ ni, tí o fẹ́ fò? Fara ti ọ̀kan, kí o yọ èkejì!"

Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bọ́. Ó jókòó pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń fi ìka ka ohun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó délé, ó to àwọn ìkòkò kéékèèké. Ohun àyálò ló fi pọn gbogbo wọn, àfi ẹyọ ohun ilé kan ṣoṣo nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan: omi odò ilé nínú èyí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko ilé nínú ìyẹn. Ó fi ìkòkò ilé pọn ọ̀kan, ó sì fi asẹ́ ilé sẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí ọtí hó tán, gbogbo wọn ló dùn, àfi èyí tí asẹ́ ilé kàn.

Ó gbé asẹ́ náà símú, òórùn ògì kíkan ló gbọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ta ló ń fi asẹ́ yìí sẹ́ ògì?"

Ìyá Fásọyìn wo asẹ́, ó wo ìyàwó. "Èmi ni. Láti ìgbà tí tèmi ti ya, lọ́dún tí o gba iṣẹ́ ọtí. Ògì ilé ṣáà ni, kì í ṣe àlejò!" Ó gba asẹ́ náà, òun náà sì gbé e símú. "Àṣé èmi tí mò ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo rì ọ́ mọ́lẹ̀."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ìyá àgbà fi hun asẹ́ mìíràn fún ọtí ilé. Lọ́jọ́ ọdún, Baba Ọ̀ṣúntókí mu igbá kan, ó tún na igbá náà jáde.

"Ìyàwó wa, oògùn wo lo lò?"

Àwẹ̀ró wo ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì dárúkọ asẹ́. "Baba, ẹsẹ̀ ni mo yọ lábàtà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì yọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́ pọ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ohun tí àwọn àgbà ń wí fún un ni pé: ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà.