Àlejò Tí Ìsun Kò Sìn Sọ́nà

Nígbà láéláé, kí òkúta ẹ̀bá omi tó ní ihò nínú, Ìsun omi kan ń dá gbé lẹ́sẹ̀ òkè. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá, kò mú ará wá, kò mú ọ̀rẹ́ wá. Ẹfun nìkan ló rí kó bọ̀ láti inú òkè. Ẹnìkan kì í kúkú jẹ́ àwádé. Ìsun a máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun náà ni yóò sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, bí ohun tó ṣe kò tilẹ̀ dára.

Lọ́jọ́ kan, Ewé Ọ̀dán já bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí òkun, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n òun ti ṣáájú òun lọ. Ìsun gbà á lálejò, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ewé dìde, ó ń retí kí onílé sin òun sọ́nà, bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ìsun ní kó dúró di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún ní ọ̀la. Ó bu ẹfun díẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ àlejò. Lọ́jọ́ kejì, ó bò ó dé ìbàdí. Ó ní aṣọ ni òun fi ń bò ó. Aṣọ wo ló ń le bí òkúta?

“Ìsun, mi ò lè mira mọ́,” ni Ewé wí. “Jọ̀ọ́, sìn mí sọ́nà.”

“Di ọ̀la,” ni Ìsun wí, ó sì fi ẹfun bo ẹnu rẹ̀.

Láti ìgbà náà, òkúta ni Ìsun ń bá sọ̀rọ̀. Ó rò pé àlejò òun ń gbọ́. Ọdún ń gorí ọdún.

Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adégoróyè wá òkúta ìmọlé dé ibẹ̀. Ó fi òòlù gbá òkúta náà, ó dún bí ìkòkò òfìfo. Ó là á. Àmì ewé wà nínú rẹ̀, gbogbo iṣan rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ewé kò sí. Ó ki ìka bọ ihò náà.

“Ta ló ń gbé ibí?” ló bi Ìsun.

“Àlejò mi ni.”

“Níbo ló wá lọ?”

Ewé ti jẹrà tipẹ́. Kò dé òkun, kò sì sí lọ́dọ̀ Ìsun náà.

Láti ọjọ́ náà ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti fúyẹ́, tó kún fún ihò, tí ẹni tó bá là á sì ń rí àmì ewé tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé Ìsun wá kọ́gbọ́n? Ewé mìíràn já bọ́ sínú rẹ̀ lánàá, mo sì gbọ́ tí Ìsun ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ọ̀la.