Wákàtí Mẹ́ta Ààbọ̀ sí Màdírìdì

Oyèkàn ará Ìrágbìjí ti rìn jìnnà láyé kí ó tó di ẹni tí ń gbálẹ̀ ilé-ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́rẹ̀nikẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó pọ̀n ọ́n dàgbà, ń ránṣọ ní Màdírìdì. Ọkọ̀ òfuurufú kì í lò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ láàárín ìlú méjèèjì, síbẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wọn kò fojú kanra.

Oyèkàn ló jẹ̀bi. Nígbà tí ìyá wọn kú, ó pa fóònù rẹ̀, ó fi Mọ́rẹ̀nikẹ́ nìkan sílẹ̀ láti lọ sìnkú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ìtìjú ń gorí ìtìjú. Ìgbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni ó bi ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá dúró kí orúnkún yìí kọṣẹ́ tán, kí ni n ó fi dọ̀bálẹ̀?"

Ó gba ọ̀dọ̀ Ìbídùn lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, ó dín díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin máìlì. Ẹ ó gbéra ní aago mẹ́wàá, ẹ ó balẹ̀ ní aago kan ààbọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó gbéra lọ́hùn-ún ní aago mẹ́wàá, ẹ ó balẹ̀ síbí ní mọ́kànlá ààbọ̀."

Oyèkàn fi ìka ṣírò. "Lílọ gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, bíbọ̀ gba ẹyọ kan ààbọ̀? Ṣé òkè ni wọ́n ń gùn lọ ni?"

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín. "Aago tiwọn ló fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, Bàbá. Ọ̀nà kan náà ni."

"Ọ̀nà kan náà kọ́. O ò mọ ẹni tí mò ń lọ bá."

Nínú ọkọ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó ń rò. Láti kékeré, bí inú bá ń bí Mọ́rẹ̀nikẹ́, Oyèkàn ni yóò pè é. Bí ó bá ti dárí jì í, yóò pe oríkì rẹ̀, Àyìnlá. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti lọ, ẹnikẹ́ni kò pè é ní Àyìnlá mọ́.

Ní Màdírìdì, ó kan ilẹ̀kùn Mọ́rẹ̀nikẹ́, ó sì nà gbalaja sórí símẹ́ńtì. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Oyèkàn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi. N kò ní àwíjàre."

"Ọ̀nà wákàtí méjì ààbọ̀ lo fi ọdún mẹ́sàn-án rìn. Ìgbín ì bá ti dé!"

"Ó jìn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó jìn gan-an ni."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ padà wọlé. Oyèkàn kò dìde. Nígbà tí obìnrin náà jáde padà, ó tẹ́ ìró àdìrẹ kan lé e lẹ́yìn, èyí tí ìyá wọn máa ń ró lọ́jọ́ ọdún.

"Nígbà tí a pín aṣọ ìyá, mo mú tìrẹ pamọ́. Dìde, Àyìnlá. Ilẹ̀ tútù."

Orúnkún kọ̀, kò lè dìde. Mọ́rẹ̀nikẹ́ fà á títí, ẹ̀rín àti ẹkún pa pọ̀ lójú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìró náà bora nínú ọkọ̀. Kò tíì sùn dáadáa tí wọ́n fi balẹ̀. Fóònù dún.

"Àyìnlá, ṣé o ti dé?"

Ó wo aago ojú fóònù náà: mọ́kànlá ààbọ̀ géérégé. "Mo ti dé o, ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n ní ọ̀nà kan náà ni. Irọ́ ni wọ́n pa!"

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ dòní pé: àlọ ẹ̀bẹ̀ ló ń jìn, àbọ̀ rẹ̀ kì í jìn.