Ìró Ìgbálẹ̀ Ìyá Dúnmadé

Bí wọ́n bá ní, “Ènìyàn laṣọ mi,” Ìyá Dúnmadé á ní, “Láyé ìsinsìnyí? Aṣọ oníwèrèpè ni!” Ó mọ ògiri yílé ká, ó to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tí Àwẹ̀ró aládùúgbò rẹ̀ kí i látẹ̀yìn ògiri, kì í dáhùn. Kí lọmọ yìí ń ṣọ́?

Lọ́jọ́ kan, kó tó gbálẹ̀, ó ṣubú ní balùwẹ̀ níhòòhò, kò lè dìde. Ó gbọ́ tí wọ́n ń já géètì. Olè! Àwẹ̀ró ló wọlé, tó fi ìborùn rẹ̀ bò ó.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Màmá, mi ò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ yín. Òun ni mo ń ṣọ́ láràárọ̀.”

Ìyá Dúnmadé fa ìborùn náà mọ́ra. Kò yún un.